Adìẹ Mẹ́ta Tí Kò Nílé

Akínlàjà ló ra adìẹ mẹ́ta. Mopélọ́lá, aya rẹ̀, ló ní kó kọ́kọ́ kan ilé fún wọn.

"Pákó ti wọ́n jù," ni ọkọ fèsì. "Ṣé adìẹ ń gba àlejò ni?"

Agbádá funfun tí Akínlàjà fẹ́ fi joyè lọ́jọ́ kejì wà lórí okùn. Bí oòrùn ti ń wọ̀, àwọn adìẹ náà, tí wọn kì í fẹ́ sùn nílẹ̀, fò bà lé okùn ọ̀hún. Okùn ń mì, adìẹ ń gbọn apá.

Mopélọ́lá bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá Ìtùnú, ẹ wá wò ó! Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ."

"Ara tèmi ńkọ́?" ni ọkọ ké, bí okùn ti já, tí agbádá bọ́ sínú ẹrẹ̀.

Agbádá àyálò ló fi joyè. Kò sì tíì bọ́ ọ lọ́rùn tó fi lọ ra pákó.