Ìwé Tí Kò Sí Ènìyàn Nínú Rẹ̀

Aago méjì ọ̀sán kọjá, òjò ṣú, kò rọ̀, atẹ́gùn sì ń gbá fèrèsé Ọ̀jọ̀gbọ́n Adégbìtẹ́ bí ẹni ń kanlẹ̀kùn. Ó ju ìwé ìwádìí Fadérera, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, sórí tábìlì: "Ìwé ọ̀mọ̀wé kì í dárúkọ ènìyàn. O ní Ìyá Olóyè gún amọ̀, Ìyá Àjíkẹ́ sun ìkòkò. Amọ̀ gígún àti ìkòkò sísun ni kí o kọ. Bí ènìyàn kan bá ṣẹ́ kù níbẹ̀ ní aago márùn-ún, mi ò ní fọwọ́ sí i, wàá tún lo ọdún kan sí i níbí." Bẹ́ẹ̀ Fadérera ti ṣèlérí fún àwọn ìyá amọ̀kòkò náà pé orúkọ wọn á wọ ìwé. Ó fi ìwé náà sílẹ̀ níbẹ̀, ó sáré lọ sídìí kọ̀ǹpútà, ó pa gbogbo ènìyàn rẹ́, ó sì gbé òmíràn dé. Ojú ewé ìdúpẹ́ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n kọ́kọ́ ṣí, bí ìṣe rẹ̀. Ó kà á: "Ọpẹ́ ń bẹ fún ìtọ́sọ́nà." Ó ṣí iwájú, ó ṣí ẹ̀yìn. "Orúkọ mi dà?" "Ẹ̀yin náà lẹ ní kí n má ṣẹ́ ènìyàn kankan kù, sà." "Ṣé ara mi ni mò ń bá wí ni?" "Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ni ìwé yìí ní, sà. Bí mo bá ṣí i fún yín, àwọn ìyá amọ̀kòkò á bá yín wọlé." Àrá sán. Ọ̀jọ̀gbọ́n fa ìwé àkọ́kọ́ mọ́ra, ó sì fọwọ́ sí i.