Wọn Ò Yìnbọn Níbi Ìsìnkú Ògúndíran

Bí àwọn ọmọdé bá ti ń yin báńgà nígbà ọdún, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni Ògúndíran, sójà àtijọ́, máa ń sá sí. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ṣé irú èyí náà ló lọ sógun?" Fẹ́hìntọ́lá, ìyàwó rẹ̀, a máa lọ bá a níbẹ̀. Yóò kàn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, yóò di ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú títí ara rẹ̀ yóò fi balẹ̀.

Nígbà tí baba kú, àwọn sójà wá láti yìnbọn ẹ̀yẹ fún un. Bí wọ́n ti gbé ìbọn sókè ni opó náà dìde.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má yìn ín. Ìró ìbọn ni baba yín ń sá fún láti ọjọ́ tí wọ́n ti ojú ogun dé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sinmi."

Ọ̀gá àwọn sójà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀. "Màmá, kí ni ojú wọn rí níbẹ̀?"

"Wọn ò sọ fún mi, ọmọ mi. Gbogbo ohun tójú rí kọ́ lẹnu ń sọ."

Wọ́n sọ ìbọn kalẹ̀, wọ́n sì sin ín láìsí ariwo kankan. Ìgbà tí wọ́n ń da yẹ̀pẹ̀ bò ó ni Fẹ́hìntọ́lá tó bú sẹ́kún. Orúkọ ọkùnrin kan wà tí ọkọ rẹ̀ máa ń fi omijé pè lójú oorun. Kò béèrè rí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tó sì lè sọ fún un ti wọlẹ̀ lọ.