Ìlà Mẹ́ta Ara Ògiri Ààfin

Àkànjí, àrẹ̀mọ ọba Ìdódò, dé iwájú ààfin tòun ti ọkọ́ léjìká. Ọdún ìlú ku ọjọ́ márùn-ún, ó sì ti pinnu láti ha ọnà ara ògiri náà kúrò, kí ó gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn, kí àwọn àlejò má baà fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọnàwùmí, ìyá àgbà tó ń kun ògiri ààfin, jókòó sórí àpótí nídìí rẹ̀, ẹfun kún abẹ́ èékánná rẹ̀. Ogójì ọdún ló ti ń kùn ún. Lọ́dọọdún, tí òjò bá ti wẹ ògiri, àwọn obìnrin ààfin á fi amọ̀ tuntun rẹ́ ẹ, òun á sì tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó wà lọ́mọge, ẹṣin àti jagunjagun ló máa ń yà. Èèyàn lè ka eyín ẹnu ẹṣin náà. Nígbà tó bímọ, ó fi ẹṣin sílẹ̀, ó ń ya ewé àti ipa ẹsẹ̀ ẹyẹ. Bí ojú rẹ̀ ṣe ń dàgbà ni àwòrán rẹ̀ ń dín kù. Lọ́dún yìí, ẹfun nìkan ló fi kun ògiri látòkè délẹ̀, ó wá fi osùn fa ìlà wíwọ́ mẹ́ta sí ìsàlẹ̀. Ó parí.

"Ìyá, ẹṣin baba mi dà?"

"Ó ti lọ jẹko, Àkànjí."

Àwọn olorì bú sẹ́rìn-ín.

"Kí wá nìyí? Àbí ẹ fẹ́ kọlà fún ògiri ni?"

"Odò ni, ó ń bọ̀ wá kí wa. Ẹ kó iṣu kúrò ní abà etídò."

Àkànjí ju ọkọ́ sílẹ̀, ó gun igi àgbálùmọ̀ iwájú ààfin dé ṣóńṣó. "Mo rí odò láti ibí o! Ó sùn síbi tó máa ń sùn. Yanrìn etí rẹ̀ gbẹ bí ẹ̀lùbọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó, níbo lẹ ti rí i?"

"Níbí." Ó fi ìka kan ìdí ògiri. Ẹfun tó kùn síbẹ̀ níjẹta kò tíì gbẹ. Ní àràárọ̀ ló ń fa ìlà síbi tí ọ̀rinrin gun ògiri dé. Ìlà kẹta ti ga ju orúnkún rẹ̀ lọ. "Omi ti wà lábẹ́ ilẹ̀, ọmọ mi. Èmi àti ògiri yìí ti mọ ara wa tipẹ́."

Ọba, tó ń gbọ́ wọn láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, ti rán èèyàn lọ kó iṣu kí ọmọ rẹ̀ tó sọ̀ kalẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, odò kún, ó gbá abà òfìfo lọ. Nígbà tí omi fà, Àkànjí gbé igbá ẹfun tuntun wá, ó rọra gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí ìyá náà. Ó mú ọkọ́ rẹ̀ nídìí igi, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Bí àwọn ará Ìdódò ṣe ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ pa á lówe pé: ohun tí àgbà fi ìjókòó rí, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i.