Arò Tí Balógun Akínkúnmi Gbọ́

Ní ìgbà láéláé, nígbà tí ogun kan ti pẹ́ débi pé àwọn tó ń jà á kò rántí ohun tó dá a sílẹ̀ mọ́, Akínkúnmi ni Balógun Òkè-Àsá, òkè tí í dí ìjì lọ́nà, akọni tí í wọ ojú ogun bí ẹni wọ ẹ̀yìnkùlé baba rẹ̀. Òun ló ṣòfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dárò òkú ní ibùdó títí ogun yóò fi parí, nítorí ẹkún a máa rọ ọwọ́ ẹni tó di idà mú. Ikú ni ìjìyà ẹni tó bá rú u. Nígbà tí Ayọ̀rìndé, ọmọ tirẹ̀ gan-an, kú sójú ogun, kò sunkún. Ó jẹun alẹ́, ó sì pọ́n idà rẹ̀.

Ó ti rẹ gbogbo wọn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Ọ̀ṣúnfúnkẹ́, opó tó ń dáná fún àwọn ọmọ ogun, gbọ́ pé àbíkẹ́yìn òun ti kú sójú ogun. Ó sọ ìkòkò kalẹ̀ létí odò tó pààlà láàárín ibùdó wọn àti ti ọ̀tá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kọrin:

"Ọmọ mi jáde lówùúrọ̀, kò jẹun tán;
Ọbẹ̀ ń tutù lọ, ta ni n ó bù ú fún?"

Àwọn ọkùnrin tó ti pa ènìyàn láì ṣẹ́jú jókòó sílẹ̀, wọ́n ń nu imú bí ọmọdé. Òkú ń sunkún òkú, akáṣọlérí ń sunkún ara wọn: kálukú ló ní ẹni tirẹ̀ tí kò padà wá jẹun. Àwọn ará Ìjàmọ̀, ọ̀tá tó wà lódìkejì odò, náà ń sunkún.

Wọ́n mú obìnrin náà wá síwájú Balógun. Olúgbòdì, igbákejì rẹ̀, ní, "Balógun, òfin yín ni. Bí ẹ bá dá a sí, ta ni yóò tún ka ọ̀rọ̀ yín sí?"

Ọ̀ṣúnfúnkẹ́ dáhùn pé, "Ẹ pa mí, Balógun. Ó ti rẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ tán."

Akínkúnmi wò ó títí. Ó ní, "Ó ti rẹ èmi náà, ìyá. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Èmi ò sunkún, n ò sì ríran. Òfin ní kò sí arò títí ogun yóò fi parí. Ó dára, ogun ti parí. Ẹ kọ ọ́, kí ẹ sì fi Ayọ̀rìndé ọmọ mi kún un."

Ó bọ́ ìhámọ́ra rẹ̀, ó wọ odò lọ bá ọ̀tá pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo, omijé ń dà lójú rẹ̀. Balógun Ìjàmọ̀ gbé ọ̀kọ̀ sókè, ó wò ó, ó sì rọra sọ ọ́ kalẹ̀. Ó ní kí wọ́n fi orúkọ àbúrò òun náà kún orin náà.

Akínkúnmi kò jagun mọ́. Ó dáko iṣu, ó gbó, ó sì kú. Bí ìlú rẹ̀ ti ń múra láti fi oríkì ogun sin ín, ẹkún ti ń bọ̀ láti ọ̀nà odò: àwọn ará Ìjàmọ̀, tí Akínkúnmi ti pa baba wọn lójú ogun, ni wọ́n ń bọ̀ wá sìnkú. Wọ́n ri òkúta kan mọ́lẹ̀ níbi tó ti wọ odò. Títí di òní, ẹni tí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀ ní ìlú méjèèjì lè jókòó tì í kó sunkún, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ sọ fún un pé, "Ó tó."