Pẹ́pẹ́yẹ àti Ọbẹ̀ Ọdún

Àlọ́ o!
Àlọ̀!
Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó bà sí ìdí ààrò Pẹ́pẹ́yẹ.

Lọ́jọ́ ọdún, iṣẹ́ bo Pẹ́pẹ́yẹ mọ́lẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ kúnlẹ̀ fún ìre ọdún, wọ́n ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Ìyá, súre fún wa o.
Ọdún dé!

Ó ní, “Ẹ dìde, mò ń lọ ata.”

Wọ́n tún kọ ọ́.

“Ẹ má dà mí láàmú, mò ń din ẹran!”

Lẹ́ẹ̀kẹta, kò gbọ́ orin mọ́. Ó bojú wẹ̀yìn: àbíkẹ́yìn rẹ̀ ti sùn lórí eékún.

Ó ju ìgbákọ nù, ó fi ìyẹ́ bo gbogbo wọn: “Ẹ ó ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé, ọmọ mi.”

Ọbẹ̀ jóná. Wọ́n jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì lá àwo.

Ó yá, ẹ̀yin náà ẹ kúnlẹ̀. Bí ọbẹ̀ tèmi ń jó, kó máa jó.