Apá Ògúndíran àti Ọ̀nà Etí Odò

Àwọn àgbà ìlú Òkè-Ìrókò máa ń sọ pé, "Ibi tó bá sún mọ́ni, a kì í gbé apá jìnnà sí i." Ṣé ẹ̀yin tí ẹ ń fi òwe yìí pa ẹni tí inú ń bí lẹ́nu mọ́ mọ ibi tó ti ṣẹ̀ wá? Mo ti gbọ́ tí ẹnìkan sọ pé ọ̀dọ̀ àwọn ọdẹ ló ti wá. Ẹlòmíràn ní àwọn tó ń ju òkò lé ẹyẹ lóko ìrẹsì ni wọ́n kọ́kọ́ pa á. Kò rí bẹ́ẹ̀. Orí pápá gọ́ọ̀fù ni wọ́n ti pa á, ìbínú ló sì bí i.

Nígbà tí àwọn òyìnbó onígẹdú dé Òkè-Ìrókò, wọ́n gba ilẹ̀ tó wà láàárín ìlú àti odò, wọ́n gé koríko rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n gbẹ́ ihò mẹ́sàn-án sínú rẹ̀, wọ́n sì ń fi ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù kékeré láti ihò kan dé èkejì. Yíká ihò kọ̀ọ̀kan, wọ́n tẹ́ yanrìn tí wọ́n fi epo ẹ́ńjìnnì pò, kí ojú rẹ̀ lè tẹ́jú. Àwọn bàbá wa kò bá wọn jà, nítorí pé òyìnbó fi ọ̀nà ẹsẹ̀ kan sílẹ̀ fún ará ìlú láti gba àárín pápá náà kọjá sí oko etí odò. Òyìnbó wá lọ. Àwọn ènìyàn dúdú bíi tiwa bọ́ sórí àga tó fi sílẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n sì ṣe ni pé wọ́n fi wáyà ẹlẹ́gùn-ún dí ọ̀nà náà pa. Wọ́n ní ẹsẹ̀ àgbẹ̀ ń ba koríko jẹ́. Àlejò kò dí i, ọmọ onílé ló dí i, títí di òní yìí ni ó sì ń dùn mí.

Ọkùnrin kan wà nígbà náà tó ń jẹ́ Ògúndíran, agégẹdú ni, apá rẹ̀ sì tóbi. Ìyá rẹ̀, Àwẹ̀ró, ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó ní oko ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀fọ́ ní etí odò. Tẹ́lẹ̀, kí iṣu orí iná tó jinná, ìyá á ti dé oko. Lẹ́yìn tí wáyà dé, ẹ̀yìn òkè ló ń yí gbà. Ní ọdún tí òjò pọ̀, ó yọ̀ ṣubú lórí àpáta ibẹ̀, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ kán. Wọ́n dì í, ó jinná, ṣùgbọ́n ó wọ́. Ìyá kò sì yé lọ sí oko. Nígbàkúùgbà tó bá gbé oúnjẹ síwájú ọmọ rẹ̀, ọwọ́ wíwọ́ yẹn ni Ògúndíran máa ń rí, oúnjẹ náà a sì korò lẹ́nu rẹ̀.

Ó lọ bá alága ẹgbẹ́ gọ́ọ̀fù, Olóyè Jayéọlá, pé kó ṣí ọ̀nà náà nítorí ọwọ́ ìyá òun. Olóyè fi í sílẹ̀ lórí ìdúró nínú oòrùn títí ó fi mu ọtí rẹ̀ tán, ó wá fi ẹ̀rín dá a lóhùn pé ẹni tó bá fẹ́ ọ̀nà, kó gba ife ìdíje. Ẹ̀sín ni. Àṣà kan wà tí àwọn òyìnbó fi sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ náà: ẹni tó bá gba ife ìparí ọdún a béèrè ohun kan ṣoṣo, alága kò sì gbọdọ̀ kọ̀, bó bá ti jẹ́ ohun tó wà ní ìkáwọ́ ẹgbẹ́. Ọtí ni àwọn kan ń béèrè, àwọn mìíràn a ní kí alága jó. Lọ́dọọdún, wọ́n tún máa ń mú ará ìlú kan wọ inú ìdíje náà, kí wọ́n lè rí ẹni fi rẹ́rìn-ín. Ògúndíran ní òun ni kí wọ́n mú.

Baba Sùnmọ́nù tó fi ọgbọ̀n ọdún ru àpò ọ̀pá fún àwọn òyìnbó ló kọ́ ọ. Ìgbá ọ̀nà jíjìn kò fún un ní wàhálà kankan. Apá tó ń fa ayùn láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ ni, bọ́ọ̀lù a fò títí ojú kò fi ní í rí i mọ́. Bó bá ku ogún ìṣísẹ̀ sí ihò ni gbogbo rẹ̀ máa ń dàrú. Á gbé ọ̀pá sókè bí ẹni fẹ́ gé ìrókò, ẹ̀rù á bà á kí ọ̀pá tó kan bọ́ọ̀lù, á sì ká apá kò. Bọ́ọ̀lù á yí díẹ̀, á dúró. Inú á bí i sí bọ́ọ̀lù náà, á gbá a lẹ́ẹ̀kejì, á ré kọjá ihò wọ igbó lọ. Bó ṣe pàdánù ní ọdún àkọ́kọ́ nìyẹn, lójú àwọn tó ń rẹ́rìn-ín. Ó fi orúnkún ṣẹ́ ọ̀pá náà sí méjì, ó sì rìn lọ sílé láìwo ẹ̀yìn.

Ní ọdún kejì, Baba Sùnmọ́nù mú un lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ó gbé agbọ̀n mẹ́ta kalẹ̀ tí yóò máa gbá bọ́ọ̀lù sí, ọ̀kan ní ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, ọ̀kan ní ogún, ọ̀kan ní ọgbọ̀n. Ó ní bí agbọ̀n bá wà ní mẹ́wàá, kí ọ̀pá má kọjá orúnkún nígbà tó bá ń lọ sẹ́yìn. Bó bá jẹ́ ogún, kó dé ìbàdí. Bó bá jẹ́ ọgbọ̀n, kó dé àyà. Ó wá mú kó dúró súnmọ́ ògiri ilé ìdáná débi pé, bó bá gbé ọ̀pá ju bó ṣe yẹ lọ, ògiri ni yóò gbá. Ògúndíran gbá ògiri títí amọ̀ fi ń já lulẹ̀, tí ìyàwó Baba fi jáde wá béèrè bóyá wọ́n fẹ́ wó ilé mọ́ òun lórí.

Baba Sùnmọ́nù gba ọ̀pá lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ògún, ta lò ń bá jà?"

"Jayéọlá ni, Baba."

"Jayéọlá kò sí nínú agbọ̀n yẹn. Agbọ̀n yẹn kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ, o gbé apá ogún máìlì sí i. Nígbà tí o wá rí i pé ó ti pọ̀ jù, o ń fà á sẹ́yìn. Ibi tó bá sún mọ́ni, a kì í gbé apá jìnnà sí i. Gé e kúrú láti ìbẹ̀rẹ̀, kí o wá jẹ́ kó lọ tán. Mi ò ní kí o má bínú o."

Oṣù mẹ́jọ ni wọ́n fi ṣe é. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Baba tún ògiri náà rẹ́.

Ní ọjọ́ ife, Ògúndíran àti Jayéọlá fúnra rẹ̀ ló kù ní ihò kẹsàn-án, iye ìgbá wọn sì dọ́gba kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Jayéọlá gbá tirẹ̀ wọlé tán. Ó ku ogún ìṣísẹ̀ fún Ògúndíran, bó bá sì lè fi ìgbá méjì wọlé, òun ló gba ife. Ará ìlú kún ẹ̀yìn wáyà fọ́fọ́. Bó ṣe ń fi ẹsẹ̀ lélẹ̀ láti gbá a ni Jayéọlá sọ̀rọ̀, bí ẹni ń kíni.

"Ọwọ́ ìyá rẹ ńkọ́? Ó yẹ kí àgbàlagbà máa jókòó sílé."

 Ọ̀pá fẹ́ gòkè lọ fúnra rẹ̀ lọ́wọ́ Ògúndíran, kò sì dá a lójú pé bọ́ọ̀lù ló fẹ́ fi gbá. Ó dúró títí ó fi rí agbọ̀n kejì lójú inú rẹ̀, tó sì rí ògiri tí amọ̀ rẹ̀ ti já. Ó gbé ọ̀pá dé ìbàdí, kò kọjá ibẹ̀, ó sì jẹ́ kó lọ tán. Bọ́ọ̀lù balẹ̀ sí etí yanrìn, ó yí lọ, ó sì dúró ní ìwọ̀n àtẹ́lẹsẹ̀ kan sí ihò. Ó tì í wọlé.

Wọ́n wá ní kó béèrè ohun tó fẹ́. Ará ìlú ń ké láti ẹ̀yìn wáyà pé ilẹ̀ ni kó gbà, gbogbo ilẹ̀ bàbá wọn. Ọ̀rọ̀ tí Ògúndíran náà ti kó sínú láti ọdún méjì nìyẹn, ó sì ti la ẹnu. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń sunkún a máa ríran. Ó rí i pé Jayéọlá ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń mi orí fún un pé kó béèrè. Ó wá yé e. Ìwé ilẹ̀ wà lọ́wọ́ ìjọba, kò sí ní ìkáwọ́ ẹgbẹ́. Bó bá béèrè ilẹ̀, wọn yóò ní àwọn kọ́ ló ni ín, ohun kan ṣoṣo tó lè béèrè yóò sì ti lọ. Ó pa ẹnu dé, ó tún un là.

"Ọ̀nà ẹsẹ̀ tí ẹ fi wáyà dí ni mo fẹ́. Ẹ̀yin lẹ dí i, ẹ̀yin náà lẹ lè ṣí i. Lónìí."

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Jayéọlá. Ó ní kí àwọn ṣe ìpàdé ná, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ gan-an ló ní àṣà ni àṣà. Ògúndíran gba ẹ̀mú, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé wáyà náà, ojú rẹ̀ ṣì le koko. Àwọn kan nínú ará ìlú bú u pé ohun tó béèrè kéré.  Àwẹ̀ró gbé agbọ̀n rẹ̀ ru, ó fi ọwọ́ wíwọ́ yẹn dì í mú, ó gba àárín alága àti àwọn ènìyàn rẹ̀ kọjá láìkí ẹnikẹ́ni. Wọn kò tíì ká wáyà náà tán tó fi dé oko. Ní ti ilẹ̀, ọdún mọ́kànlá ni ìlú fi ro ẹjọ́ rẹ̀ ní kóòtù kí wọ́n tó dá a padà. Ìyẹn jìnnà, apá tó jìnnà ni wọ́n sì gbé sí i.

Ibi tó bá sún mọ́ni, a kì í gbé apá jìnnà sí i. Ìgbà tí inú bá bí ènìyàn, tí ohun tó fẹ́ gbà sì wà nítòsí rẹ̀, ṣùgbọ́n tó fẹ́ fi ogun ńlá pàdánù rẹ̀, ni àwọn àgbà wa ń pa á. Wọ́n tún ń pa á fún bàbá tó gbé pàṣán nítorí àwo tó fọ́. Ẹ má fi pa ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ lẹ́nu mọ́ mọ́. Òwe náà kò sọ pé kó má bínú. Ó ní kó kọ́kọ́ wo bí ibẹ̀ ṣe jìnnà tó.