Pẹ̀lẹ́ Tí Òkété Ò Gbọ́

Àlọ́ o!
—Àlọ̀!
Àlọ́ mi yí gbirigbiri, ó bọ́ mọ́ Òkété lọ́wọ́.

Òkété ni aṣọ́lé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àwọn ẹranko. Nínú ìdíje àkọ́kọ́ lọ́dún náà, góòlù mẹ́ta ló wọlé sí wọn láwọ̀n.

Àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ kóra jọ sábẹ́ igi. Ewúrẹ́ ní, "Kóòṣì ló kó bá wa!" Àkùkọ ní, "Rẹfirí ò lójú!" Ọ̀bọ ní, "Ẹ gbé ìyẹn tì jàre! Ọwọ́ Òkété ló ń yọ̀ bí ilá." Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ń jà sí i.

Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹnìkan bá ṣubú lójú wa, kí la máa ń sọ fún un?
—Pẹ̀lẹ́!
Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún Òkété. Ó jókòó ti òpó góòlù, ó ń dá kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Mo ṣubú lójú gbogbo ayé,
—Ta ló kí mi o?
Ọwọ́ mi bó, orúnkún mi bó,
—Ta ló kí mi o?

Nígbà tí ìdíje kejì tó, wọn ò rí aṣọ́lé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n pè é lẹ́nu ihò rẹ̀: "Jáde, a fẹ́ bẹ̀rẹ̀!" Òkété tẹ́tí, kò gbọ́ pẹ̀lẹ́. Kò jáde.

Bí ẹ bá ní irọ́ ni mo pa, ẹ wo orúnkún mi méjèèjì. Èmi náà ti ṣe aṣọ́lé rí.